Ṣáláńgá ẹ̀yìn ọ́sítẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí mo ní ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ kọ ní sáà yìí, àwọn ará yàrá mi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba: àwọn tí òyìnbó ń pè ní transgender, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó ń gbé ayé bí ọkùnrin, tàbí ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé bí obìnrin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ni kí wọ́n máa lò níta? Nínú èdè tiwa, "ó" ni ọkùnrin, "ó" náà ni obìnrin. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bi èèyàn léèrè.

Ẹjọ́ tó wọ̀ mí lára jù ni ti Gavin Grimm, torí ọmọ ilé-ìwé bíi tiwa ni nígbà náà, ní Gloucester, ìpínlẹ̀ Virginia. Wọ́n bí i ní obìnrin, ṣùgbọ́n ó ń gbé bí ọkùnrin. Ní ọdún 2014, ọ̀gá ilé-ìwé gbà á láyè kó máa lo ti àwọn ọkùnrin. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méje, kò sí wàhálà kankan. Ni àwọn kan nílùú bá fẹjọ́ sùn, ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé sì ní kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlẹ́nìkan síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ilé-ìwé mọ ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Kí ni Gavin ṣe? Ó ń mú un mọ́ra. Ó wà nínú ìwé ilé-ẹjọ́ pé àrùn ilé ìtọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu lemọ́lemọ́. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní 2020, nígbà tó ti kúrò nílé-ìwé tipẹ́.

Mo mọ nǹkan tó ṣe ọmọ yẹn. Nígbà tí mo wà ní JSS2, àpólò mú wa. Wọ́n ní kí àwa tí ojú wa pọ́n máa lo ṣáláńgá ẹ̀yìn ọ́sítẹ́ẹ̀lì, kó má baà ran àwọn yòókù. Ìdí rere ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti yà sọ́nà yẹn báyìí, àwọn tó ń fọṣọ á pariwo: "Àpólò ń lọ o!" Lọ́jọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de òkùnkùn. Inú run mí débi pé mi ò lè jókòó ní pírẹ́ẹ̀pù. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni tèmi o. Ti Gavin lé ní ọdún méjì.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọbìnrin lèmi náà, mi ò sì ní purọ́, mi ò fẹ́ bá ẹni tí mi ò mọ̀ níbi tí mo ti ń túra. Obìnrin tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má pè é ní ìkà. Ní April 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba sọ pé obìnrin tí òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 ń sọ, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ni. Àwọn kan jó, àwọn kan sunkún.

Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. North Carolina ṣòfin ní 2016 pé ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́-ìbí lèèyàn máa tẹ̀ lé nínú ilé ìjọba. Ta ló ń mú ìwé ọjọ́-ìbí lọ tọ̀? Sínìọ̀ kan wà nílé wa tó ga, tóhùn ẹ̀ sì ki. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Wọ́n fagi lé apá yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Láti October 2024, òfin ilé kíkọ́ ní England ní kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí kì í ṣe ibùgbé, yàrá ẹlẹ́nìkan sì lè wà pẹ̀lú wọn tí àyè bá wà: ògiri kanlẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, omi ìfọwọ́ nínú ẹ̀. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn mínísítà tó ti òfin náà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ló ń jà fún, kì í ṣe ti transgender. Síbẹ̀, yàrá ẹlẹ́nìkan yẹn ló wù mí, tó bá jẹ́ pé gbogbo wa la jọ ń lò ó, àti hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì àti jọ́níọ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé lọ síbẹ̀, ṣáláńgá ẹ̀yìn ọ́sítẹ́ẹ̀lì náà ni.

Tiwa ńkọ́? Nínú ilẹ̀kùn márùn-ún tó wà nílé wa, méjì péré ló ṣeé tì láti inú. Mo ti kọ lẹ́tà nípa ẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ fi ṣọwọ́.