Afẹ́fẹ́ Inú Omi: Orúkọ Ẹ̀rọ àti Iṣẹ́ Ẹ̀rọ nínú Èdè Yorùbá

Lára àwọn ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan èdè Yorùbá láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí ń gbèjà èdè náà a sì tètè dáhùn pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n, pé a lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó bá sọ ohun tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ lè fi orúkọ náà ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ara ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà ní yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì, èyí tí ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú èròjà olómi kí olómi náà tó wọ inú ẹ̀rọ kromatógíráfì.

Mikhail Tsvet, onímọ̀ nípa ewéko tí ó jẹ́ ará Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ yìí ní ìlú Warsaw ní 1903. Ó da oje ewé sínú ọ̀pá gíláàsì tí ó kún fún lẹ́búlẹ́bú bíi ẹfun, ó sì rí i pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú inú oje náà pín yà bí olómi ti ń ṣàn kọjá. Ní 1906 ni ó sọ ọ́ lórúkọ tí ó fa yọ láti inú èdè Gíríìkì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju kíkọ àwọ̀ sílẹ̀ lọ. Lónìí, irin ni ọ̀pá náà, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ kúnná púpọ̀, ẹ̀rọ afami sì ń fi agbára ti olómi gba inú rẹ̀, pẹ̀lú ìtẹ̀ tí ó lè tó 400 bar. Àjọ NAFDAC àti àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn ní Nàìjíríà ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá hóró oògùn tí a kọ miligíráàmù 500 sí lára ní miligíráàmù 500 nínú ní tòótọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá parọ́, aláìsàn ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ó sì lè mú un parọ́ kò ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Afẹ́fẹ́ wà nínú omi bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Òun ni ẹja fi ń mí. Ọmọ tí ó bá ti jókòó ti ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Kí omi tó hó rárá, ìhó wẹ́wẹ́ á ti lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò, nítorí pé omi gbígbóná kì í di afẹ́fẹ́ mú tó omi tútù. Ẹ̀rí kejì wà nínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò: bí a bá ti ṣí ìdérí, ìtẹ̀ tí ó wà lórí olómi náà yóò dín kù, gáàsì yóò sì ru jáde. William Henry, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé òfin èyí kalẹ̀ ní 1803, pé bí ìtẹ̀ gáàsì tí ó wà lórí olómi bá ti pọ̀ tó ni gáàsì tí yóò yọ́ sínú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Omi tí ó wà ní ìta, tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa ní nǹkan bíi miligíráàmù ọ́síjìn 8 nínú lítà kan. Mẹtanọ́ọ̀lù gba jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìṣòro ńlá ibẹ̀ ni pé nígbà tí a bá po omi àti mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀, àdàlù wọn kì í lè gba gbogbo afẹ́fẹ́ tí olúkúlùkù gbé wá, bí ìgbà tí èèyàn méjì kó ẹrù wọn wá sínú yàrá kan tí kò gba ẹrù àwọn méjèèjì. Èyí tí kò ráyè yóò di ìhó.

Ìhó kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ afami tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. A kì í lè fún omi pọ̀ kí ó kéré, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ náà bá ń tì, afẹ́fẹ́ ni yóò máa sún kì, olómi kò ní lọ síwájú bí ó ti yẹ. Òṣùwọ̀n ìtẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò, oògùn tí ó yẹ kí ó jáde ní ìṣẹ́jú kẹfà yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olómi bá sì jáde kúrò nínú ọ̀pá irin, tí ìtẹ̀ dín kù lójijì, ìhó lè tún yọ níwájú iná tí a fi ń wo ohun tí ń kọjá, àwòrán àbájáde yóò sì kún fún ṣóńṣó tí kì í ṣe ti oògùn kankan. Ọ́síjìn tí kò tilẹ̀ di ìhó pàápàá ń gba díẹ̀ lára ìtànṣán tí ojú kì í rí, ó sì máa ń pa títàn àwọn èròjà kan kù.

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan máa ń se olómi náà, àwọn mìíràn a sẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́, àwọn mìíràn a gbé e sínú omi tí ìró ń mì. Mímì nìkan kò tó, nítorí pé púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà ni yóò ṣẹ́ kù. Fífẹ́ gáàsì hílíọ́ọ̀mù sínú olómi dára jù. Lítà hílíọ́ọ̀mù kan fún lítà olómi kan lè lé nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 afẹ́fẹ́ náà jáde, àmọ́ gáàsì náà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí fi gbòde. Nínú rẹ̀, olómi ń gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ kọjá, ọ̀pá náà sì wà nínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tí ó mọ àmù amọ̀ yóò tètè lóye rẹ̀. Àmù ń làágùn nítorí pé omi ń gba ara amọ̀ jáde. Ara ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ni ó ń jẹ́ kí ó jáde, ó ń dá olómi dúró. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ a máa gba nǹkan bíi mílílítà 10 olómi sínú. Èyí tí a fi Teflon AF ṣe kò gbà tó mílílítà kan, nítorí pé gáàsì tètè ń gba ara rẹ̀ jáde.

Níbí ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti dé. Ẹni tí ó bá kàn gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ń mú ohun tí a kò fẹ́ kúrò nínú omi lè sáré pè é ní asẹ́. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ̀rọ yìí kì í sẹ́ nǹkan kan. Ìdọ̀tí tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò dí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Dandan ni kí a ti fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju ìdá 0.45 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ sẹ́ olómi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé asẹ́ ni yóò rò pé iṣẹ́ yẹn ti ní ẹni tí ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni “lé” kò bá a mu, nítorí hílíọ́ọ̀mù ni ń lé. Yíyọ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, tí a bá sì tẹ̀lé ọ̀nà tí èdè náà gbà fún wa ní amúnáwá àti amúlétutù, ayọfẹ́fẹ́ ni yóò jẹ́. Orúkọ náà kò pé pérépéré, ó kàn ṣe déédéé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni; orúkọ tí Tsvet yàn pàápàá kò pé mọ́, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń yà sọ́tọ̀ lónìí ni kò ní àwọ̀.

Bí a bá ti mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìtọ́ni rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Àárín ìgò olómi àti ẹ̀rọ afami ni ayọfẹ́fẹ́ ń jókòó sí, nítòsí ẹ̀rọ afami, kí ọ̀nà má bàa gùn. Kí a gbé àwọn ìgò sí ibi tí ó ga jù ú lọ díẹ̀, kí olómi lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Kí a fi abẹ tí ó mú gé ẹnu ọ̀pá gún régé, nítorí ẹnu tí ó wọ́ yóò fa afẹ́fẹ́ láti ìta, gbogbo iṣẹ́ yóò sì di asán. Ọwọ́ lásán tó láti fún ìdè rẹ̀. Sípánà a máa fọ́ ọ. Kí a fi síríńjì fa olómi jẹ́jẹ́ títí tí ọ̀pá yóò fi kún, kí a má ṣe fi agbára tì í láti ẹ̀yìn, nítorí ara ọ̀pá náà fẹ́lẹ́. Oruku olómi a máa bá gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí náà, kí a fa ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ń mí síta lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá. Kí a sì mọ̀ pé àwọn olómi kan tí ó kún fún fluorine lè yọ́ Teflon AF fúnra rẹ̀.

Kí a tan ayọfẹ́fẹ́ ṣáájú ẹ̀rọ afami, kí a dúró títí tí àpótí rẹ̀ yóò fi ṣófo dáadáa. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí amúnáwá kò sì tètè dáhùn, afẹ́fẹ́ yóò padà sínú àpótí, yóò sì gba ara ọ̀pá wọ inú olómi tí ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, èyí tí ó ti dúró náà ni kí a kọ́kọ́ ṣàn dànù. Omi tí a po iyọ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀. Omi lásán ni kí a fi ṣàn án, lẹ́yìn náà ni kí mẹtanọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e. Bí mẹtanọ́ọ̀lù bá bá iyọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ náà lè dì, kí ó sì dí ọ̀nà pa.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ti olùkọ́ Yorùbá nínú èyí, nígbà tí ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè náà kò ṣàìní ìdí. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ó fagi lé ìlànà náà. Àmọ́ fífagi lé ìlànà kò fagi lé ojú tí ọmọ fi ń wo olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí àlàyé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yé e. Ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ti fi hàn, láti 1970, pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ibi tí a ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ó ń dunni. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá tọ́jú ilé ara rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òde ni kò tíì dé.

Kì í ṣe inú ọ́fíìsì ẹ̀ka Yorùbá nìkan ni a ó ti rí ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè kan àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kan jókòó ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ọjọ́ iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà máa ṣe é, kí olùkọ́ máa béèrè ìdí, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí a fún ọ̀dọ́ tí ń fọ ìgò níbẹ̀ ní ojú ìwé tí wọ́n bá kọ, kí ó tẹ̀lé e láti dá ẹ̀rọ náà tò. Bí ìhó bá yọ, kí wọ́n tún un kọ.