"Oògùn Náà Ti Mọ́ Mi Lára"

Nígbà tí oògùn kò bá ran àìsàn mọ́, a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń wí pé, "Oògùn náà ti mọ́ mi lára." A kò fi àwọn àgbà ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, kò sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbé e lọ sí iwájú àwọn ọmọdé. Kòkòrò àrùn ni ó rí ààbò, kì í ṣe ara wa ni oògùn mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ aládùúgbò ni ó ti gba ààbò náà.

Ní ilẹ̀ Jàpáàn, lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, ìgbẹ́-ọ̀rìn yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀. Kí ó tó di 1960, àwọn oníṣègùn rí i pé Shigella, kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà, kò gbọ́ ti oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: sulfonamide, streptomycin, tetracycline àti chloramphenicol. Bí ó bá ṣe pé ó ń yí padà fúnra rẹ̀ ni, ìbá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan ná, kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Wọ́n sì tún rí E. coli nínú ìfun aláìsàn kan náà, tí òun pẹ̀lú kò gbọ́ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1959 àti 1960, Ochiai àti Akiba pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn da irú E. coli bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ Shigella tí oògùn ṣì ń pa. Shigella náà gba ààbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí ó kọjá láàárín wọn ni Joshua Lederberg ará Amẹ́ríkà ti sọ ní plasmid ní 1952. Òrùka kékeré ni, tí a kọ àbùdá ìdílé sí, ó sì dá wà lọ́tọ̀ sí èyí tí ó tóbi nínú kòkòrò. Ẹni tí ó ní i na okùn tín-ín-rín sí aládùúgbò, ó fà á mọ́ra. Fọ́nrán méjì ni a fi lọ́ òrùka náà. Ọ̀kan kọjá, ọ̀kan dúró, kòkòrò kọ̀ọ̀kan sì tún èkejì ṣe. Ó dàbí obìnrin tí ó lọ gba iná ní ààrò ẹlòmíràn: ó mú ògúnná lọ, síbẹ̀ iná onílé kò kú.

Nígbà tí ààbò mẹ́rin bá wà lórí òrùka kan, ẹni tí ó bá lo ọ̀kan ṣoṣo nínú oògùn wọ̀nyí lásán ń pa àwọn tí kò ní òrùka, ó sì ń ro oko fún àwọn tí ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, ẹni tí ó ra hóró tetracycline méjì lọ́jà nítorí inú rírun kò lè wí pé, "Ara mi ni, owó mi ni." (A mọ̀ pé àìní ni ó ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ra méjì dípò odidi, a kò sì pè wọ́n ní òmùgọ̀.) Ní 2015, ní Ṣáínà, a kéde irú òrùka bẹ́ẹ̀ tí ó ń dáàbò bo kòkòrò lọ́wọ́ colistin, lára ẹlẹ́dẹ̀ àti lára aláìsàn, ní 2017 ìjọba ibẹ̀ fi òfin dá a dúró pé kí a má fi oògùn náà sínú oúnjẹ ẹran mọ́ láti mú wọn tètè dàgbà.

A bẹ ẹ̀yin Olùkọ́ wa pé, nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ẹ jẹ́ kí a máa ya kòkòrò méjì sára pátákó, pẹ̀lú okùn tí ó so wọ́n pọ̀ àti òrùka kan nínú ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí a tó sọ̀rọ̀ omi kànga àti ọwọ́ fífọ̀.