Ẹ Yé Gbẹ́ Kànga Abà Nígbà Òjò

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn agbẹ́kànga kan nínú, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín nínú oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án pé òun fẹ́ mú kànga jìn sí i, omi òjò ló ń tà fún yín. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè nígbà yẹn. Á gbẹ́ díẹ̀, omi á yọ, á ní ẹ wá wò ó, omi ti dé! Ẹ̀yin náà á máa dúpẹ́. Tó bá di oṣù kejì, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀.

Mo mọ èsì yín: ilẹ̀ máa ń le lẹ́ẹ̀rùn, owó iṣẹ́ sì máa ń gòkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó omi tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ gbé wá fún ewúrẹ́ àti ata yín. Èwo ló wọ́n jù? Kànga tó bá lómi níparí oṣù kẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn ló lómi.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wọn kànga yín. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jù ú sí i láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó pọnmi. Ibi tó tutù lára okùn ni gíga omi yín. Tí kànga bá fẹ̀ tó mítà 1, mítà 1 omi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 785, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 31. Ẹ pọn ọ́n títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ wo iye wákàtí tó fi padà. Nígbà míì, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló yẹ ní kíkó.

Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ àpáta líle, ẹ tọ́jú owó yín. Ní agbègbè Ìbàdàn, Ìṣẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, inú ilẹ̀ tó jẹrà lórí àpáta ni omi kànga ń gbé. Ṣọ́bìrì ò lè bá yín wá omi inú àpáta.

Tó bá ṣeé gbẹ́, ríìngì tuntun gbọ́dọ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀, kó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń wa abẹ́ ríìngì àtijọ́ láìfi nǹkan kan gbè é, sàréè ló ń wà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti òkè kì í lè fà á ju bíi mítà 7 lọ, làwọn kan bá ń gbé ẹ̀rọ onípẹtiróòlù sọ̀ sínú kànga. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn. Àtùpà lè máa jó nínú rẹ̀, kó sì pa èèyàn. Korobá ni kẹ́ ẹ fi gbọ́n ọn, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ wà lókè, níbi tó jìnnà sí ẹnu kànga, kẹ́ ẹ sì lo sumo nígbà tí kò sí èèyàn nísàlẹ̀.

Ẹ so okùn mọ́ àyà ẹni tó ń wọlẹ̀, kí èèyàn méjì wà lókè. Tó bá dákẹ́, ẹ fà á jáde; kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ tẹ̀lé e. Agbẹ́kànga tó bá ní òun ò nílò okùn, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ.