Ọ̀rọ̀ Wa Nínú Ilé Onílé

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba ayélujára, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó ní: “Ẹni tó ni ilé ló ni àṣẹ ilé. Bí onílé bá ní kí àlejò pa ẹnu mọ́, kí àlejò pa ẹnu mọ́, tàbí kí ó wá ọ̀nà ilé tirẹ̀ lọ.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí, àwọn èrò ló ni ibẹ̀. Ó wá fi ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́ ọdún 2007 ṣe ẹ̀rí, pé níbẹ̀ ni àwọn èrò ti ṣẹ́gun onílé. A tún gbọ́ àtẹ́wọ́. Èmi jókòó, n kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo gbà pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Àkókò kò sí fún mi láti sọ tèmi lọ́jọ́ náà. Mo wá sọ ọ́ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kọ́kọ́rọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà náà, oríṣi àwo méjì ni wọ́n ń bá ara wọn du ọjà fíìmù: ọ̀kan ń jẹ́ HD DVD, èkejì ń jẹ́ Blu-ray. Àwọn tó ni fíìmù kò fẹ́ kí ẹni tó ra àwo kan máa dà á kọ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ AACS LA sílẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo ti fíìmù inú àwo pa. Àgádágodo yìí kì í ṣe onírin. Ńṣe ni wọ́n da àwòrán àti ohùn fíìmù rú pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ kò ní rí ju wúruwùru lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú kì í ṣe onírin. Nọ́ńbà lásán ni. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, àmì 32 ni, àwọn kan jẹ́ oókà láti 0 dé 9, àwọn yòókù jẹ́ lẹ́tà láti A dé F. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí a ó fi ṣí i sínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún ará ìlú, nítorí bí ẹ̀rọ kò bá lè ṣí àwo, ta ni yóò rà á? Ẹ wò ó báyìí: ẹni tó ti ilẹ̀kùn, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ sí abẹ́ ẹní àlejò, ṣé ó yẹ kí ẹnu yà á bí àlejò bá ká ẹní?

Ní oṣù kejì ọdún 2007, ẹnì kan ká ẹní. Ó rí kọ́kọ́rọ́ kan tó lè ṣí ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n ti tẹ̀ jáde títí di ìgbà náà, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí gbangba.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n AACS LA rò pé àwọn lè ṣa èèpo ẹyin jọ kí ó tún di odidi. Ní oṣù kẹrin, àwọn lọ́yà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ibi tí nọ́ńbà náà ti hàn lórí ayélujára. Wọ́n fi òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998, tí wọ́n ń pè ní DMCA, halẹ̀ mọ́ wọn pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Digg, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004. Digg kì í kọ ìròyìn fúnra rẹ̀. Àwọn èrò ibẹ̀ ni í mú ìròyìn wá láti ibi gbogbo, àwọn náà ni í sì í dìbò fún un. Èyí tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ ni í gòkè dé ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí lẹ́tà dé, àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo ìròyìn tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan tó kọ ọ́.

Háà! Wọ́n da epo sí iná, wọ́n ní àwọn ń pa á! Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2007, àwọn èrò gbaná jẹ. Bí wọ́n ti ń yọ ọ̀kan ni òmíràn ń ya wọlé, títí ojú ewé àkọ́kọ́ fi kún fún nọ́ńbà náà láti òkè délẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ sára ẹ̀wù, ẹnì kan fi jìtá kọ ọ́ lórin, ẹlòmíràn sọ àwọn àmì rẹ̀ di àwọ̀, ó fi wọ́n ṣe àsíá. Nígbà tó di alẹ́, Kevin Rose, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Digg sílẹ̀, juwọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà sí àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní àwọn kò ní yọ ọ́ mọ́, ohun yòówù kó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Báyìí ni nọ́ńbà tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀ ṣe di ohun tí ayé gbogbo mọ̀.

Èyí ni ọ̀rẹ́ wa kejì pè ní ìṣẹ́gun. Mo ní rárá. Kí ni àwọn èrò gbà lọ́wọ́ onílé lọ́jọ́ náà? Ṣé wọ́n gba òfin tuntun? Wọn kò gbà á. Ṣé wọ́n gba àga nínú ìgbìmọ̀? Wọn kò gbà á. Àánú ni wọ́n rí gbà, tàbí kí n sọ pé ẹ̀rù ló ba onílé. Àánú àti ẹ̀rù sì ni ohun méjì tí í yí padà bí ojú ọjọ́. Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn, ẹ wo ọdún 2010. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn alákòóso tún Digg kọ́ láti ìpìlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ èrò ibẹ̀ kò fẹ́. Àwọn èrò tún ṣe bí wọ́n ti ṣe ní 2007: wọ́n fi ìròyìn Reddit, tí í ṣe orogún Digg, kún ojú ewé àkọ́kọ́ bámúbámú. Lọ́tẹ̀ yìí onílé kò dá ilé padà sí bí ó ti wà. Àwọn èrò di ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ wọn kọjá sọ́dọ̀ Reddit. Nígbà tó di 2012, wọ́n ta Digg. Ariwo kan náà, ilé kan náà, èsì méjì. Ohun tí a fi ariwo gbà lánàá, tí ariwo kò lè gbà lónìí, ẹ má ṣe pè é ní ẹ̀tọ́.

Ó wá ku ọ̀rẹ́ mi onífìlà. Lójú òfin, ó jàre, n kò ní purọ́. Àtúnṣe kìíní sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1791, ọwọ́ ìjọba ni ó dè. Kò de ọwọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ilé wo ni ọ̀rẹ́ mi ń sọ? Bí mo bá pè yín sí ilé mi, tí mo gún iyán, tí mo se ọbẹ̀, tí ẹ jẹun tán tí ẹ wá ń bú mi, mo lè ní kí ẹ dìde. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́ ìsọ̀ òfìfo, tí ẹ̀yin gbé iṣu wá, tí ẹ gbé ọbẹ̀ wá, tí ẹ tún ń bá mi gbálẹ̀, tí mo sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn apolówó ọjà nítorí ojú yín tó pé síbẹ̀, ṣé mo tún lè na ìka sí yín pé àlejò ni yín? Ọjà ni èyí, kì í ṣe yàrá. Lóòótọ́, ọba ló ni ọjà. Ṣùgbọ́n ọba tó bá ń da igbá alátẹ nù láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa jọba lórí koríko.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn: “Ṣé kí onílé wá máa wo ẹni tó ń pín kọ́kọ́rọ́ fún olè níran ni?” Ìbéèrè gidi ni. Bí kọ́kọ́rọ́ tó jò bá jẹ́ èyí tó ń ṣọ́ owó opó ní báńkì, tàbí èyí tó ń ṣọ́ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan, kí onílé yọ ọ́ kíákíá, n ó sì kí i kú iṣẹ́. Ti 2007 yàtọ̀. Nọ́ńbà náà ti tàn ká, pípa á rẹ́ kò sì lè dá ohun kan padà. Àwọn tó ni àgádágodo pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún àwọn àwo tuntun, kò sì pẹ́ tí tuntun náà fi jò. Ní 2008, HD DVD fúnra rẹ̀ kú. Blu-ray ló pa á, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní 2001, nínú ẹjọ́ ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ 2600, pé òǹkà àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé òfin lè dí i lọ́nà nítorí iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Ìdájọ́ náà kò dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ti dé ibẹ̀: ìhà méjèèjì rojọ́, àwọn adájọ́ sọ ìdí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a lè kà á lónìí kí a sì bá a jiyàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ilé onílé, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ẹjọ́ ti ń jáde, a kì í sì í gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ti ṣe mí rí. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bíi mélòó kan ń gba oríkì ìdílé lẹ́nu àwọn àgbà, a ń kọ wọ́n sí ojú ewé kan tí a dá sílẹ̀ nínú ilé onílé kan lórí ayélujára. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ń wá síbẹ̀. Wọ́n ń fi ìlà kan kún un níhìn-ín, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣe lọ́hùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo tẹ ẹ̀rọ mi, ilẹ̀kùn ti tì. Wọ́n ní a rú òfin. Òfin wo? Wọn kò sọ. Mo kọ lẹ́tà, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo tún kọ, ẹ̀rọ pàápàá kò dáhùn mọ́. Nínú àwọn àgbà tó ki oríkì wọ̀nyẹn fún wa, ìyá àgbà kan ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. N kò lè padà lọ bi í mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́gun 2007, èrò mélòó ni yóò gbaná jẹ nítorí oríkì ìdílé kan?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí a ké sí ìjọba kí ó wá gbà wá. A ti rí ìyẹn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter, tó ti ń jẹ́ X báyìí, yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter mọ́ gbogbo Nàìjíríà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ni í fara gbá a. Alátẹ tó ń polówó aṣọ rẹ̀ níbẹ̀, kí ni ó mọ̀ nínú ìjà onílé àti ọba? Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Abala 39 nínú ìwé òfin wa ti 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò wa kí a sì gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn pe ìjọba lẹ́jọ́, ní oṣù keje ọdún 2022 ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dá a lẹ́bi. Ìjọba tó ti ọjà pa, a rí ibi tí a lè pè é lẹ́jọ́ sí. Onílé tó da oríkì wa nù, níbo ni kí n pè é sí?

Kí ni mo wá ń fẹ́? Mẹ́ta péré ni. Èkíní, kí onílé sọ òfin rẹ̀ kí èrò tó gbé ẹrù kalẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, bí ó bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, kí ó sọ òfin tí ẹni náà rú, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe olórí wọn, kí ẹni tí a lé lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lé mi bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe gbẹ́sẹ̀ lé igbá mi.

Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó de onílé kí ó tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa fúnra wa. Ewì tí a ń ké, ìtàn tí a ń kọ, àríyànjiyàn tí a ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí, inú ilé onílé ni a ń kó púpọ̀ wọn sí. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, kí ni a ó fi han àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn? Mo bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a máa tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan máa wà ní láíbìrì, kí òmíràn máa wà ní ojú ewé tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sanwó rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí a ná ọjà onílé kò burú. Kí a má ṣáà gbé ìkòkò kan ṣoṣo tí a ní lọ síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi onífìlà, mo gbà fún ọ pé ti onílé ni ilé. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ́ tiwa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́lé, ibo ni yóò rè?