Ìrora fòníkú-fọ̀ladìde: ara ọmọ ọwọ́ ni àṣírí rẹ̀ ti tú

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ SS nílé, ẹ mọ irú òru tí mò ń sọ. Ọmọ á ké títí ohùn á fi há. Ẹ̀yìn, apá, itan, gbogbo rẹ̀ á máa ro ó, ẹ ò sì ní rí ojú ọgbẹ́ kankan. Àwọn Ewe ń pe àìsàn yìí ní nuidudui, àwọn Ga ń pè é ní chwechweechwe. Dókítà Konotey-Ahulu, ọmọ Gáná, tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ padà dé ọdún 1670. Ó ti pẹ́ láàárín wa, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà àgbàlagbà kankan. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti jogún rẹ̀.

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bá já atẹ́gùn tó gbé sílẹ̀, hìmóglóbìn inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé. Irú wọn á dí iṣan tóóró, eegun kò ní rí atẹ́gùn tó, ìrora á dé. Òtútù, òùngbẹ, ibà àti àṣejù iṣẹ́ sábà máa ń fà á.

Ibi tó wú mi lórí jù rèé. Lọ́dún 1948, Janet Watson, dókítà àwọn ọmọdé ní Brooklyn, kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kì í pọ̀ lára ọmọ tuntun. Ó fura pé hìmóglóbìn tí ọmọ gbé jáde látinú oyún ló ń dáàbò bò ó. Òótọ́ ni: bí ìyẹn ṣe ń dínkù láàárín oṣù mélòó kan ni ìrora ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí wá ń bi ara wọn léèrè bóyá a lè dá a padà.

Hydroxyurea, oògùn oníkápúsù, ń ṣe é. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, àwọn àgbàlagbà tó lò ó ní ìrora ńlá bí ìgbà 2.5 lọ́dún, àwọn tí wọ́n fún ní kápúsù òfìfo ní in bí ìgbà 4.5. Lọ́dún 2019, ìwádìí lórí àwọn ọmọdé ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda fi hàn pé ìrora dínkù, ibà dínkù, ikú náà sì dínkù.

Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún apilẹ̀ àbùdá ṣe, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní December 2023, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. (Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Kápúsù yẹn ni ọwọ́ wa lè tó. Ọ̀pọ̀ òbí ń sá fún un torí wọ́n gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ni. Lóòótọ́, wọ́n ń lò ó fún ìyẹn, ó sì lè dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lóòrèkóòrè. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dédé lò ó. Ẹ má ra á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì fúnra yín. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún lọ sí kílíníìkì, bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ.