Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀dọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wáṣẹ́ Lókè Òkun

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní NHS, kì í ṣe ìdánwò ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́rìí sí ìwé. NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ níbẹ̀, náà ní ìdánwò tirẹ̀: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, èkejì ni OSCE, níbi tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ ẹni lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò fẹ́ mọ̀ ni irú ẹni tí wọn yóò fi aláìsàn sílẹ̀ fún láàárín òru, nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn àhásórí kì í fi í gbéni débì kan níwájú wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wọ́ọ̀dù ni yóò gbè é. Ìmúrasílẹ̀ kò ju kí ó mọ bí yóò ṣe yọ iṣẹ́ náà jáde kí ẹlòmíràn lè rí i.

Orí ìkéde iṣẹ́ ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ipele tí nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń wà ni Band 5. Ìwé kan máa ń bá ìkéde náà rìn, tó ka ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó jẹ́ dandan lọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ àfikún lọ́tọ̀. Inú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti ń jáde, torí pé bébà máàkì tó bá a mu wà lọ́wọ́ àwọn tó ń béèrè. Ọ̀dọ́ tó gbọ́n yóò fa ìlà sáàárín bébà kan, yóò kọ ohun tí wọ́n ń wá sápá òsì, yóò sì kọ ohun tí òun ti ṣe rí sápá ọ̀tún. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Kí ó tún ka ìròyìn tí CQC, àjọ tó ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn England wò, kọ nípa ilé ìwòsàn náà. Ìgbìmọ̀ yóò béèrè ìdí tó fi yan ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìwà. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ NHS ní England ka ohun mẹ́fà: kí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ṣiṣẹ́ nítorí aláìsàn, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, kí ìtọ́jú rẹ̀ pójú owó, kí wọ́n ní àánú, kí wọ́n mú ìgbé ayé àwọn ènìyàn dára sí i, kí wọ́n má sì fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tún ti ní 6Cs: ìtọ́jú, àánú, ìmọ̀ iṣẹ́, ìbánisọ̀rọ̀, ìgboyà àti ìfarajìn. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa kà wọ́n bí ọmọ jẹ́léósinmi tó ń ka ABD. Ẹni tó ní òun ní àánú kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó sọ pé ìyá àgbà kan kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, pé òun jókòó tì í, òun rí i pé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ló ń gún un lẹ́nu, pé òun sọ fún dókítà, òun sì ń bá a wá ẹ̀kọ mímu títí wọ́n fi tún eyín náà ṣe, ti fi àánú hàn láìdárúkọ rẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní STAR: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ohun tó jẹ́ ojúṣe ẹni níbẹ̀, ohun tí ẹni náà ṣe gan-an, àti ibi tó yọrí sí. Ẹsẹ̀ kẹta ló yẹ kó gùn jù, ibẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé kí ó má yin ara rẹ̀. Ó wá ń sọ pé, “A sáré lọ bá a, a gbé e, a fún un lóògùn.” Ìgbìmọ̀ kò rí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìgbéraga nínú kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe, bí ó bá ti fi òótọ́ sọ ipa tí àwọn yòókù kó. Kò sì sí ìtìjú nínú pé irinṣẹ́ kò tó níbi tó ti ṣiṣẹ́, tàbí pé ẹbí aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ wá. Kí ó sọ bí ó ṣe dáàbò bo aláìsàn pẹ̀lú ohun tó wà, kí ó sì fi hàn pé òun mọ ìlànà tó péye. Ìtàn mẹ́fà tàbí méje tó jẹ́ òótọ́ lè dáhùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè, àmọ́ orúkọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ọ̀kankan.

Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà yẹ̀: kí ni nọ́ọ̀sì yóò ṣe bí ara aláìsàn bá ń burú sí i? Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ni NEWS2, ètò máàkì tí Royal College of Physicians gbé jáde lọ́dún 2017. Ohun mẹ́fà ló ń wò: mímí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, bí ọkàn ṣe ń lù, bí aláìsàn ṣe wà lójúfò sí, àti ìgbóná ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 dé 3. Bí wọ́n bá ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn lọ́wọ́, wọn yóò fi 2 kún un. Bí àpapọ̀ bá pé 5, kí wọ́n tètè pe dókítà. Bí ó bá pé 7, pàjáwìrì ni. Ká ní ọkùnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lánàá ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 93 nínú 100 láìgba àfikún, ìfúnpá òkè jẹ́ 98, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118, ìgbóná ara jẹ́ 38.4, ojú rẹ̀ sì dá. Máàkì rẹ̀ ni 3, 2, 2, 2 àti 1, láìsí kankan fún ojúfò: àpapọ̀ 10. Ẹni tó bá dáhùn pé òun yóò máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ti sọ iṣẹ́ náà nù.

Ìdáhùn tó péye yóò tẹ̀ lé ètò: kí nọ́ọ̀sì ké sí àwọn tó wà nítòsí, kí ó wò bóyá ọ̀nà ọ̀fun là, lẹ́yìn náà mímí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, àti gbogbo ara. Bí ó bá ń pe dókítà, SBAR ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn àìsàn náà, ohun tí nọ́ọ̀sì rí, àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń le fún ẹni tó gbà pé nọ́ọ̀sì kì í sọ fún dókítà pé kí ó wá kíákíá. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó báyìí” kì í ṣe àfojúdi. Ìgboyà tó wà nínú 6Cs nìyẹn.

Àṣìṣe oògùn ni ìbéèrè mìíràn tó ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Aláìsàn ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò, kí ó tó sọ fún dókítà àti olórí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sọ òótọ́ fún aláìsàn, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí wà tí wọ́n fi ń béèrè èyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ìwádìí tí Robert Francis darí fi hàn bí wọ́n ṣe pa àwọn aláìsàn tì ní ilé ìwòsàn Stafford, tí àwọn tó ké gbàjarè kò sì rí ẹni gbọ́ tiwọn. Láti ọdún 2014 ni òfin England ti fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn sọ òótọ́ fún aláìsàn bí ìtọ́jú bá ṣe é ní jàǹbá. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe àṣìṣe rí, ẹ̀rù ni yóò dá bà wọ́n. Bákan náà ni ti ọmọdé tàbí àgbàlagbà tó jọ pé wọ́n ń fìyà jẹ, tí wọ́n rí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ bá a ṣèlérí àṣírí. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fi ìṣirò oògùn kún un. Omi lítà kan tí yóò wọ ara láàárín wákàtí mẹ́jọ jẹ́ mílílítà 125 ní wákàtí kan. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ń kán ogún ẹ̀kán fún mílílítà kan, bí 42 ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Kí ọ̀dọ́ máa ṣe irú èyí lójoojúmọ́ láìlo ẹ̀rọ ìṣirò títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Olùkọ́ tó ń múni sílẹ̀ wúlò bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ gidi máa ń béèrè ju bí ó ṣe ń sọ lọ. Yóò jẹ́ kí ọ̀dọ́ dáhùn, yóò fi aago wò ó, yóò sì sọ fún un pé, “Níbo lo wà nínú ìtàn yìí?” Ẹni tó bá ń ta ìdáhùn àkọsílẹ̀ fún ogún ènìyàn, ìdáhùn kan náà ni ogún ènìyàn yóò gbé dé iwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè kan péré tó bá tẹ̀ lé e ni yóò sì tú àṣírí. Ọ̀nà ẹ̀bùrú sì máa ń kó bá ẹni tí kò rìn ín pàápàá: lọ́dún 2023, NMC kéde pé èsì ìdánwò kọ̀ǹpútà láti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún òmíràn ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ náà jẹ nínú ìyà yẹn.

Owó olùkọ́ yàtọ̀ sí owó tí aṣojú ń gbà láti báni wáṣẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Nítorí náà, ìlànà ìgbanisíṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba ilé ìwòsàn tàbí aṣojú láti wá máa ṣa nọ́ọ̀sì níbí. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé ni wọ́n lè gbà. Ìlànà náà kò sì gbà kí aṣojú gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹni tó bá ń ta lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ó yẹ kí ọ̀dọ́ sá fún un.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ojú íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe é. Kí iná tó lọ ni kí ọ̀dọ́ ti ní ohun tí yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, kí ó sì ní dátà lórí fóònù kejì. Kí ó wo ojú kámẹ́rà bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Wíwo ilẹ̀, tó jẹ́ ọ̀wọ̀ nílé wa, lè dà bí ìfarapamọ́ lójú wọn. Bí kò bá gbọ́ ìbéèrè, kí ó ní kí wọ́n tún un sọ. Kí ó má fi ohùn ìmú ṣe bí òyìnbó. Kí ó rọra sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kedere. Bí wọ́n bá ní ṣé ó ní ìbéèrè, kí ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ran nọ́ọ̀sì tuntun lọ́wọ́ láti múra OSCE, àti ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà.

Bí ó bá parí, kí ó kọ gbogbo ìbéèrè sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé. Bí wọn kò bá mú un, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n sábà máa ń sọ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni yóò kọ́kọ́ wọ inú bébà tó fẹ́ lò fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó kàn.