Ẹ Wọ Yàrá, Ẹ Tilẹ̀kùn: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Nínú Ìgbàgbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ̀yin tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́ káàkiri Èkó àti Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tó ti rékọjá sókè òkun tó jẹ́ pé orí fóònù la ti ń ríra, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹtí sí mi. Kí ló ń lọ láàárín yín àti Ọlọ́run nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀?

Kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń béèrè. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ. Mò ń rí yín ní fijílì, mò ń rí ẹ̀yin akọrin nínú aṣọ yín, mo sì ń rí ẹsẹ Bíbélì tí ẹ ń gbé sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń dùn mọ́ mi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017 tí olórin ìhìnrere Nathaniel Bassey ti pe àwọn èèyàn jọ lórí Instagram láàárín òru láti yin Ọlọ́run, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Hallelujah Challenge, àìmọye ọ̀dọ́ ló ti kọ́ bí a ṣe ń jí ní agogo méjìlá òru. Àgbàlagbà wo ni yóò bú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Òru tó tẹ̀ lé e ló ń kọ mí lóminú, nígbà tí ètò ti parí, tí kò sí ẹni tó ń kọ "Àmín" sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ẹ ṣì ní nǹkan bá Olúwa sọ lóru ọjọ́ yẹn?

Jésù kò fi ọ̀rọ̀ àdúrà ìkọ̀kọ̀ pa mọ́ fún wa. Nínú ìwàásù orí òkè, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà wọ yàrá lọ, kó tilẹ̀kùn, kó bá Baba tó wà ní ìkọ̀kọ̀ sọ̀rọ̀. Òun náà sì ń ṣe é. Máàkù sọ pé ó dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ síbi tó dá, ó ń gbàdúrà níbẹ̀, títí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń wá a kiri. Ẹ wo ìgbà tó ṣe é. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo ìlú ló pé jọ sẹ́nu ọ̀nà fún ìwòsàn. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn gan-an ló yọ́ lọ bá Baba rẹ̀.

Ẹlòmíì á wọ yàrá, á tilẹ̀kùn, síbẹ̀ á tún máa ṣe àṣehàn. Ohùn pásítọ̀ rẹ̀ ló máa yá lò. Á máa pàṣẹ, á máa to oyè Ọlọ́run jọ, ohùn á há, ìgbà tó bá fi máa ṣe Àmín, kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni kí ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. "Olúwa, ọ̀rẹ́ mi ríṣẹ́, mo sì ń jowú rẹ̀." "Olúwa, mo parọ́ fún ìyá mi lánàá, ojú ń tì mí." "Olúwa, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì gbà Ọ́ gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀." Àdúrà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Hánnà kò pariwo nílé Olúwa ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, tí Élì àlùfáà fi rò pé ó ti mutí yó. Ìbànújẹ́ àìrọ́mọbí àti ẹ̀gàn orogún rẹ̀ ló ń tú sílẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mi ò sọ pé ariwo burú o. Yorùbá ni wá, a kì í dákẹ́ dunnú. Ariwo tí kò ti inú wá ni mò ń wí.

Ẹ tún gbọ́ ti ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá, nítorí ẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀, ẹ sì ń fẹ́ irú agbára tó ní. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba, ní PWD, ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tó ti ń tún un ṣe ló sọ pé òun ti gbọ́ ohùn tó pe òun lórúkọ, pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ọmọ ọdún 24 ni, ojúgbà yín. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ó dojú kọ ààwẹ̀ àti àdúrà. Ọdún 1930 ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí, tí wọ́n ń gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Òkè-Ooyè ni gbogbo wa fẹ́ràn láti máa sọ. Èmi fẹ́ kí ẹ ro ohun tó wà láàárín 1928 sí 1930, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì mọ̀ ọ́n. Àní ìjọ tó gbà á mọ́ra pàápàá, ara àwọn tó pilẹ̀ rẹ̀ ni agbo àdúrà kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn. Joseph Shadare wà níbẹ̀, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami náà sì wà níbẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ní 1932, ìjọba amúnisìn sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n ní Benin. Ẹni tó jẹ́ pé èrò ló fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun, kí ni yóò dì mú nírú ibẹ̀?

Ìfọkànsìn tó wà nínú kò ní dúró sínú lásán, ó gbọ́dọ̀ dé ọjà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gàrí, ẹ gbé kóńgò, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ ó rí òmíràn tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bó ti wù kí wọ́n rọ gàrí jọ gègèrè lókè tó, ẹ̀kúnwọ́ kan ti dín nísàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni oníbàárà ń wò, ìdí rẹ̀ ni Ọlọ́run ń wò. Onítọ̀hún sì lè ti kọrin ìyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà títí omijé fi bọ́. Ẹ̀yin náà ní kóńgò tiyín: iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe rí tí ẹ kọ sínú CV, owó Yahoo tí wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀ gbé wá sílé Ọlọ́run, ọmọbìnrin tí ẹ ṣèlérí ìgbéyàwó fún tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ ẹ. Ẹ má sọ fún mi pé "Ọlọ́run mọ ọkàn mi." Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀rù bà wá. Sákéù agbowó-orí kò kọ́kọ́ kọrin nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀. Owó ló mẹ́nu bà: ìdajì fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ kan á wà tí ẹ ó kúnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fún yín ní fíísà, tàbí pé ẹni tí ẹ gbààwẹ̀ fún ló kú. Ẹ má sá kúrò níbẹ̀, ẹ má sì ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ ṣí Sáàmù 88, èyí tó parí sínú òkùnkùn láìsí ìdúpẹ́ kankan. Wọ́n kọ ọ́ sínú Bíbélì, wọn ò yọ ọ́ kúrò. Ẹ kà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ ò bá ní ọ̀rọ̀ tiyín láti fi kún un, ẹ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó lọ síṣẹ́, ẹ sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbà kan nínú ìjọ, ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí kò ní lọ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe ìwàásù ni kí ẹ wá o, ẹni tó lè pa àṣírí mọ́, tí yóò sì bá yín kúnlẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú Olúwa.